Iná Tó Mọ Alága

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ iná inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò béèrè pé kí ni irú iná bẹ́ẹ̀ lè fi èèyàn ṣe. Ó lè lé alága kúrò lórí àga. Ó ti lé ọ̀kan rí, ó sì ṣojú wa kòrókòró.

Alága ìgbìmọ̀ ìlú wa nígbà náà jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Olú iléeṣẹ́ ló yàn án lé wa lórí. Bí kò bá sí nítòsí, Baba Ọwọ́-Ẹ̀yìn là ń pè é, nítorí bó ń rìn ni o, bó dúró ni o, ẹ̀yìn ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń wà. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ ẹni ńlá kì í ṣe ohun èlò. Bí kò bá ti jẹ́ pé ó fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé tàbí kó jẹun, kò sí ohun tó ń fi í ṣe. Ní ti ìlẹ̀kùn, láti ọjọ́ tó ti gorí àga, kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí. Ó ti gba àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin kan tó ti ń hewú, síṣẹ́ nítorí ìyẹn. Wọ́n fún un ní tábìlì, wọ́n fún un ní àga, wọ́n sì fi í joyè Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì lórí Ìwọlé àti Ìjáde. Aṣílẹ̀kùn làwa ń pè é. Bí Alága bá ń bọ̀, Aṣílẹ̀kùn á sáré ṣáájú, á ṣílẹ̀kùn, á sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé ìlẹ̀kùn ló bọ̀wọ̀ fún Alága fúnra rẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bi mí.

Àwọn méjì ló fẹ́ràn Alága jù lọ níléeṣẹ́ ìgbìmọ̀, Akọ̀wé àti Akápò. Ìfẹ́ wọn sí i pọ̀ débi pé wọn kò lè rí ara wọn sójú. Bí Alága bá sín, Akọ̀wé á ní atẹ́gùn ìlú ti dára sí i. Kíá ni Akápò á fi kún un pé láti àárọ̀ lòun ti ń gbàdúrà kí Alága sín. Lọ́jọ́ kan Alága ní òjò ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn ganran-ganran lójú fèrèsé. Akọ̀wé ṣí agboòrùn. Akápò jáde, ó fi omi ẹ̀rọ rin ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì wọlé padà, ó ń gbọ̀n.

Ibi ìpàdé àwọn alága ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Alága wa wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì gba kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kó lè fi í kọ́, iná sì tàn yòò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un kì í ṣe ohun tí Alága máa ń wò. Nítorí náà, kò rí i pé ẹnì kan fa ìlẹ̀kùn. Ohun tó rí ni pé òun dé, iná sì tàn. Ó dúró síbẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

"Akọ̀wé," ó ní nígbà tó padà dé, "kọ́bọ́ọ̀dù ìlú onílùú rí mi, ó dá mi mọ̀, ó tanná fún mi. Kọ́bọ́ọ̀dù tèmi tó wà nínú ọ́fíìsì yìí, tàárọ̀-tọ̀sán ló ń rí mi, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí."

"Àìmoore ni, sà," Akọ̀wé fèsì.

"Ọ̀tẹ̀ ni, sà," Akápò ní.

Alága mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù bá a lò. Bóyá kò ní iná ni."

Iná wà nílẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé ìwòsàn ìlú wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ ìgbìmọ̀, yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí níbẹ̀ kò sì ní fèrèsé. Igun tó ṣókùnkùn jù ni kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà. Nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a máa fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, kó lè rọ́wọ́ wá ìgò. Irú ìgò kékeré kan náà ni oògùn ojú àti oògùn etí wà, wọ́n sì jọ dúró ti ara wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí tọ́ọ̀ṣì ń ṣẹ́jú, ó mú ìgò kan jáde fún bàbá arúgbó kan tí ojú ń dùn. Bàbá ti gbórí sókè, ó ti la ojú sílẹ̀, kí Nọ́ọ̀sì tó rí i pé ti etí ló wà lọ́wọ́ òun. Kò sọ fún bàbá. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó sunkún, ó nu ojú rẹ̀, ó sì padà wá mú èyí tó tọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún iná kéékèèké tí ń lo bátìrì, irú èyí tí ń tàn bí ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bá ṣí, tí ń kú bó bá padé. Olú iléeṣẹ́ fọwọ́ sí i. Iná náà dé nínú páálí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ gba ọ́fíìsì Alága kọjá, èyí kò sì kọjá.

Wọ́n pe oníṣẹ́ iná. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ òkè inú kọ́bọ́ọ̀dù Alága, ó kan bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìlẹ̀kùn ti ń padé, ó sì yíjú sí wọn.

"Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, sà. Tí ìlẹ̀kùn yìí bá ti tẹ bọ́tìnnì yìí..."

"Ta lò ń kọ́?" Akọ̀wé dá a lẹ́nu dúró. "Ṣé Alága lo fẹ́ kọ́ nípa iná?"

"Rárá o, sà. Mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ló..."

"Alága ò mọ nǹkan kan, àbí?" Akápò ní.

Oníṣẹ́ iná wo Akọ̀wé, ó wo Akápò, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò. "Á tàn, sà," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin yẹn parí gbólóhùn rẹ̀ ni, mi ò bá má ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Lọ́jọ́ kejì, Alága dé síbi iṣẹ́. Aṣílẹ̀kùn sáré wọlé, ó fa ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Iná tàn. Alága dúró gbagidi.

"Ó rí mi," ó ní.

"Ó rí yín, sà!" Akọ̀wé pariwo.

"Ó dá mi mọ̀."

"Ta ni ò ní dá yín mọ̀, sà?" Akápò ní.

Alága jáde, ó tún wọlé. Aṣílẹ̀kùn ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún ṣí i. Iná tàn. Alága tún jáde, ó fẹ̀yìn rìn wọlé kó lè mọ̀ bóyá iná náà mọ ẹ̀yìn òun. Ó mọ̀ ọ́n. Odindi àárọ̀ ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ mìíràn kò ṣe é ṣe níléeṣẹ́ ìgbìmọ̀, àwọn tó wá rí Alága sì ń sùn lórí bẹ́ǹṣì níta. Ọ̀rọ̀ náà sú Aṣílẹ̀kùn, nítorí òógùn ti bò ó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó yọ orí. "Bọ̀dá, èmi ni mò ń..." Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dákẹ́.

Láti ìgbà náà, iná di èèyàn láàárín wa. Òṣìṣẹ́ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún un. Bí ìgbìmọ̀ bá jókòó, wọ́n á ka iná mọ́ àwọn tó wá. Bí wọ́n bá fẹ́ dìbò, Alága á dìde dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, Aṣílẹ̀kùn á ṣí i, iná á tàn, wọ́n á sì kà á mọ́ àwọn tó fara mọ́ ọn. Kò ta ko Alága rí. Akápò sọ ọ́ ní gbangba pé nínú gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, iná ló lóye jù, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn.

Nọ́ọ̀sì wá.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ iná ilé ìwòsàn ni mo bá wá."

"Iná wo?" Alága béèrè.

"Èyí tó wà lókè aṣọ yín yẹn, sà. Àtàwọn tó kù nínú páálí nísàlẹ̀ ibẹ̀."

Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. "Nọ́ọ̀sì, èyí kì í ṣe iná lásán. Ipò ló mọ̀. Ṣé ẹ rò pé ó lè tàn fún ìgò? Bí mo bá gbé e fún yín, inú òkùnkùn náà lẹ ó wà, ẹ ó wá máa dá iná ọlọ́láńlá lẹ́bi."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ kí n dá a lẹ́bi, sà. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ro oògùn etí sójú èèyàn."

"Ṣé ẹ rò ó sí i?"

"Rárá, sà. Ọlọ́run ló yọ mí."

"Ẹ̀hẹ́n! Ẹ rí i pé kò sí ìṣòro."

Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì wo páálí náà, orúkọ ilé ìwòsàn wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì padà sínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ó ki tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó sì ń bí mi títí di òní.

Ṣùgbọ́n Alága ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́kàn. Àga kan ṣófo ní olú iléeṣẹ́, àga tó ga ju tirẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó ránṣẹ́ sí Olùdarí Àgbà pé ìlú òun ti rí iná tó lè dá olórí tòótọ́ mọ̀, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Olùdarí Àgbà ní òun ń bọ̀. Ó ní òun náà fẹ́ béèrè nípa iná kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò, òjò ń rọ̀, òjò tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Alága pe Aṣílẹ̀kùn.

"Lónìí, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dúró láàárín èmi àti iná mi. Lọ dúró ní gééètì."

"Bọ̀dá, ṣùgbọ́n tí mi ò bá sí níbẹ̀..."

"Ṣé ìwọ lò ń tàn ni?"

Aṣílẹ̀kùn rò ó wò. "Rárá, Bọ̀dá," ó ní, ó mú agboòrùn, ó lọ sí gééètì.

Olùdarí Àgbà dé. Obìnrin kúkurú ni, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, omi ń kán láti ara kóòtù rẹ̀. Ọ́fíìsì Alága ti kún fọ́fọ́. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́bàá ògiri nítorí pé wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀ka rán èèyàn wá pàtẹ́wọ́. Wọn kò gba kóòtù lọ́wọ́ àlejò, gbogbo ojú ti wà lára Alága, ẹni tó ti yọ ohùn rẹ̀ jáde.

"Olùdarí Àgbà wa ọ̀wọ́n! Ẹ̀yin èèyàn mi! Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni ọmọ aráyé ti ń wá ọ̀nà tí wọn ó fi mọ olórí tòótọ́. Àwọn kan ń dìbò, wọ́n ṣe mí láàánú! Àwọn kan ń ṣèdánwò, ẹ bá mi bá wọn kẹ́dùn! Àwa, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tiwa níhìn-ín, a ti rí ìdáhùn. Iná yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni tàn án. Kì í tàn fún ẹni tí ipò kò tọ́ sí. Ẹni tó bá tàn fún, òun ló ni àga. Ẹni tó bá kọ̀ fún, kó yáa wábi gbà!"

Àtẹ́wọ́ ró. Alága kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó dúró.

Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Kọ́bọ́ọ̀dù wo Alága, Alága wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wúkọ́. Ó sún díẹ̀ sápá ọ̀tún, bóyá òpó ló dí i lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ẹ fi ara yín sípò Akọ̀wé. Bó bá ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn, sà," ó ti jẹ́wọ́ pé ìlẹ̀kùn ló ń tan iná, ó sì ti jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun ti ń pa láti ọjọ́ yìí. Ó nu òógùn ojú.

"Ojú ló ń tì í, sà. Èèyàn ti pọ̀ jù."

"Oyè yín ló ń retí, sà," Akápò ní. "Ẹ ò tíì pè é tán."

Alága pe gbogbo oyè rẹ̀. Ó pe èyí tó ní, ó pe èyí tó ń retí. Kọ́bọ́ọ̀dù kò fèsì. Wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n ní bóyá ojú ọjọ́ ló mọ́lẹ̀ jù. Gbogbo wa wá jókòó sínú òkùnkùn, à ń gbọ́ bí Alága ti ń mí.

"Ó dáa," Alága ní. "Lójú gbogbo yín, mo dá iná yìí dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àfojúdi."

Inú òkùnkùn ni ohùn Olùdarí Àgbà ti wá. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo lè kọ́ kóòtù mi sí? Ó ti rin gbingbin."

Ó dìde, ó táràrà dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, ó nawọ́, ó fà á.

Iná tàn yòò.

Ojú wa gbogbo ṣí. A rí aṣọ oyè Alága tí wọ́n so kọ́. A rí páálí lábẹ́ wọn, a sì rí orúkọ tó wà lára páálí. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ wólẹ̀.

"Ó ti rí olúwa rẹ̀! Mo ti ń sọ ọ́!"

"Èmi ti mọ̀ kó tó mọ̀!" Akápò ké, ó sì gba orí ẹ̀yìn Akọ̀wé kọjá síwájú.

Olùdarí Àgbà tẹjú mọ́ páálí, ó gbójú sókè. "Nọ́ọ̀sì, ṣé iná tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa pé kò dé ọ̀dọ̀ yín nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Ẹ máa bọ̀." Ó ti ìlẹ̀kùn. "Ẹ ṣí i."

Nọ́ọ̀sì ṣí i, iná tàn. Olùdarí Àgbà ní kí obìnrin tó ń gbálẹ̀ wá ṣí i. Tíréè kún ọwọ́ rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ló fi wọ́ ìlẹ̀kùn, iná tàn fún ìgbọ̀nwọ́. Akọ̀wé tẹrí ba fún Nọ́ọ̀sì, ó tẹrí ba fún agbálẹ̀, ọrùn ń ro ó, kò sì mọ ẹni tí òun ń sìn mọ́.

"Ó kan yín, Alága," Olùdarí Àgbà ní.

"Olùdarí Àgbà, ipò mi kò fàyè gba..."

"Ẹ ṣí i."

Alága mú ọwọ́ kan bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ náà rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun. Ó gbé e lé ìlẹ̀kùn, ó sì tì í. Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ó fi ọwọ́ kejì kún un, ó tún tì í. Ó fi èjìká tì í, kọ́bọ́ọ̀dù ń gbá ògiri, aṣọ oyè ń já bọ́ nínú rẹ̀, a ń gbọ́ ọ.

"Ó ti kọ̀ fún un," Akápò sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lọ́nà tí gbogbo yàrá fi gbọ́.

Aṣílẹ̀kùn gbọ́ ariwo láti gééètì. Ó sáré wọlé tòun ti agboòrùn, òjò ti rin ín.

"Bọ̀dá, fífà ni! Wọn kì í tì í! Fífà ni!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ̀yin náà má tíì rẹ́rìn-ín. Alága ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn.

"Ẹnu yín ló ti jáde," Olùdarí Àgbà ní. "Ẹni tó bá kọ̀ fún, kó wábi gbà." Ó ní kó wá sí olú iléeṣẹ́ wá káwọ́ pọ̀nyìn rojọ́ lórí ẹrù ilé ìwòsàn. Ìyẹn nìkan ni kò nira fún un, ẹ̀yìn ni ọwọ́ náà ti ń gbé tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé páálí rẹ̀ lọ nínú òjò, kò dúró gba agboòrùn. Wọ́n yan alága mìíràn. Akọ̀wé àti Akápò fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ní ti Baba Ọwọ́-Ẹ̀yìn, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà, wọ́n kò sì fẹ́ lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kó máa bá Nọ́ọ̀sì mú oògùn.

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ kan ń ké lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, bàbá arúgbó ìjọ́sí sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣẹ́jú.

"Ẹ bá mi mú oògùn ojú bàbá wá, sà," Nọ́ọ̀sì ní.

Ó wọ yàrá tí kò ní fèrèsé. Bàbá retí rẹ̀, kò rí i. Ó dìde, ó fọwọ́ tọ́ ògiri dé ẹnu ọ̀nà. Alága àná dúró gbọnin nínú òkùnkùn níwájú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Kí lẹ ń dúró dè?" bàbá béèrè.

"Mo ní kó kọ́kọ́ rí mi ná."

"Kò lójú," bàbá ní. "Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní in mọ́. Ẹ fà á."

Ó fà á. Iná tàn. Ìgò kéékèèké méjì dúró ti ara wọn níwájú rẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó kà á, ó dá a padà. Ó mú ìkejì.

"Ṣé ti ojú ni?" bàbá béèrè.

"Ti ojú ni, bàbá," ó ní, ó sì tún gbé e sún mọ́ iná, ó tún un kà, kó tó fi lé e lọ́wọ́.